Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Ó Ré Òpin Ọ̀nà Rẹ̀ Kọjá



Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé a máa wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀ tí yóò gbé òun dìde; àgbà a máa wo ohun tí ó gbé òun ṣubú, kí òun má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, àwa ń fẹ́ wo ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò ni ìjàǹbá tí ó máa ń bá ọkọ̀ òfúrufú nígbà tí ó bá ń balẹ̀, pàápàá ní àkókò òjò àti ìjì.

Ìdí méjì ni a fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé, ọkọ̀ òfúrufú kì í ṣe ohun àjèjì fún wa mọ́. Àwọn ọmọ wa ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé, àwọn ará wa ń wọ̀ ọ́ bọ̀ wá sí ilé láti òkè òkun. Ẹni tí kò tilẹ̀ tí ì wọ̀ ọ́ rí a máa lọ dúró ní pápá ọkọ̀ láti pàdé ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Èkejì ni pé, nígbà tí ibi bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń yára wá sí ẹnu wa. Àwọn kan a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni tí ó bá ti sọ ọ̀kan nínú méjèèjì ti pa ìwé dé kí ó tó kà á. A kò sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe alákòóso ohun gbogbo. Ohun tí a ń sọ ni pé, kò tọ́ kí a máa fi orúkọ Rẹ̀ bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ìbá tún ṣe.

Kókó ẹ̀kọ́ wa ni èyí: ìbàlẹ̀ kì í ṣe dandan. Awakọ̀ tí ó gbọ́n ni ẹni tí ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ ibi tí òun yóò ti yí padà bí nǹkan kò bá rí bí ó ti yẹ, tí kò sì ka yíyí padà sí ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní: Bí ọkọ̀ òfúrufú ti ń balẹ̀

Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfúrufú ń balẹ̀ sí jẹ́ títì gbọọrọ tí a fi ọ̀dà tàbí kọ́ńkéré ṣe. Ọkọ̀ kì í já lulẹ̀ sí orí rẹ̀ bí àṣá ti ń já lu adìẹ. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí kò ga púpọ̀. Nígbà tí ó bá dé ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà náà, ó yẹ kí ó wà ní gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 50 sí ilẹ̀. Níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí i ni ó sì yẹ kí táyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Nígbà tí ó bá ti kan ilẹ̀, ohun mẹ́ta ni í dá a dúró. Àwọn pátákó kan a dìde lórí ìyẹ́ rẹ̀, wọn a sì ba afẹ́fẹ́ tí ó gbé e sókè jẹ́, kí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ lè sọ̀ sí orí táyà. Bíréèkì a di táyà mú. Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì: a máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ náà lè máa tú sí ìhà iwájú, kí ó sì máa ti ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ohun méjì ni í ba iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́. Bí omi bá dúró lórí ojú ọ̀nà, táyà a máa yọ̀ lórí rẹ̀, bíréèkì kò sì ní rí nǹkan dì mú bí ó ti yẹ. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Awakọ̀ a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń balẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀ níwájú a máa dín eré rẹ̀ kù lórí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí odò ti ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró nígbà tí a bá ń wà á lòdì sí ìṣàn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ náà bá yí wá sí ẹ̀yìn, ńṣe ni yóò máa ti ọkọ̀ lọ. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì rántí èyí nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí a ó fi dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Nítorí náà, eré kékeré tí a fi kún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn kí a tó tẹ̀síwájú. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti fò kọjá kí ó tó kan ilẹ̀, bí ẹni pé a kò ṣe é rárá ni. Èyí tí ó kù níwájú nìkan ni ó lè gba ènìyàn là.

Èkejì: Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Toronto

Ní ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ 2 oṣù August, ọdún 2005, ọkọ̀ òfúrufú ńlá kan ti ilé-iṣẹ́ Air France gbéra láti ìlú Párís lọ sí Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Èrò 297 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 12. Gbogbo wọn jẹ́ 309. Nígbà tí wọ́n dé itòsí Toronto ní ọ̀sán, ìjì líle ń jà lórí pápá ọkọ̀ náà: àrá ń sán, mànàmáná ń kọ, òjò sì ń rọ̀ kíkankíkan.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ sí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9,000. Nígbà tí ọkọ̀ náà kù bí ẹsẹ̀ bàtà 300 kí ó kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ti ń bọ̀ níwájú bẹ̀rẹ̀ sí yí wá sí ẹ̀yìn. Awakọ̀ tí ó di ọkọ̀ mú ní àkókò náà rí i pé eré ọkọ̀ ń dín kù, ó sì rò pé ọkọ̀ ń rì. Ó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Nítorí èyí, ọkọ̀ náà dé ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà ní gíga tí ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà 40 ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ inú òjò tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọ̀nà fi ṣókùnkùn sí wọn. Ọkọ̀ náà ń léfòó lọ, kò tètè kan ilẹ̀. Nígbà tí táyà rẹ̀ kan ilẹ̀ níkẹyìn, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,800 ti bọ́ sẹ́yìn lọ. Ohun tí ó kù níwájú lé díẹ̀ ní 5,000, omi sì dúró lórí rẹ̀.

Wọ́n tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó yí agbára ẹ́ńjìnnì padà sí iwájú; ìṣẹ́jú àáyá bí 13 kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà sì ré òpin ojú ọ̀nà kọjá pẹ̀lú eré tí ó tó bí kìlómítà 148 ní wákàtí kan. Ó la pápá koríko kọjá, ó sì ṣubú sínú àfonífojì kan tí odò kékeré ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iná sọ.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ ohun ìyanu. Nínú ènìyàn 309, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kú. Ènìyàn 12 ni ó fara pa gidigidi. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò dúró de àṣẹ. Bí wọ́n ti rí iná, wọ́n ṣí àwọn ìlẹ̀kùn tí ó ṣe é ṣí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò jáde nínú òjò. Àwọn ìlẹ̀kùn kan kò ṣe é lò rárá. Síbẹ̀, níwọ̀n ìṣẹ́jú méjì, àwọn èrò ti jáde. Lẹ́yìn náà ni iná jó ọkọ̀ náà run.

Ẹ̀kẹta: Ohun tí àwọn olùṣèwádìí rí

Ìjọba Kánádà ní àjọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ìdí irú nǹkan báyìí. Àjọ náà kì í wá ẹni tí a ó jù sí ẹ̀wọ̀n; ohun tí ó gbé ènìyàn ṣubú ni ó ń wá. Ó fi ohun tí ó lé ní ọdún méjì wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní oṣù December, ọdún 2007.

Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ ohun kéékèèké ni, tí ọ̀kan ń so mọ́ èkejì. Ìròyìn ojú ọjọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àrá yóò máa sán ní àkókò tí wọ́n ń bọ̀ wá balẹ̀. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ kò ṣírò iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ wọn yóò nílò láti dúró lórí ojú ọ̀nà tí ó kún fún omi. Nítorí náà, wọn kò mọ iye tí ó wà ní àpò wọn láti ná, wọn kò sì mọ ìgbà tí ó tán. Awakọ̀ kejì kò ké sí ẹnìkejì rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ, láti sọ bóyá àwọn ohun ìdádúró ti ṣiṣẹ́ tàbí wọn kò tí ì ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ọkàn wa jù lọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa èrò ọkàn àwọn awakọ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ dé itòsí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà, àwọn méjèèjì ti fi gbogbo ọkàn wọn sí ìbàlẹ̀, wọ́n sì gbà pé kò sí àǹfààní láti gòkè padà mọ́. Wọ́n ti wà ní ojú òfúrufú láti Párís. Ilẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Ojú wọn kò rí ọ̀nà mìíràn mọ́ bí kò ṣe èyí tí ó wà níwájú. Ta ni nínú wa tí irú rẹ̀ kò tí ì ṣe rí? Ẹni tí ó ti rin ọ̀nà jíjìn dé ẹnu ọ̀nà ilé a máa rò pé òun kò lè padà mọ́, bí ó tilẹ̀ rí i pé ilé ń jó.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú fi ń tẹnu mọ́ ọn fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó mú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ láti gòkè padà, kí ó sì ka ìbàlẹ̀ sí ohun tí a ó ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá tọ́. Bí ọ̀kan kò bá tọ́, kí ó fi agbára sí ẹ́ńjìnnì, kí ó gòkè, kí ó yípo, kí ó tún wá, tàbí kí ó lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ̀kẹrin: Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Nínú ọdún 2005 kan náà, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ti Toronto, irú ìdánwò yìí dé sí ilẹ̀ wa Nàìjíríà. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù December, ọkọ̀ òfúrufú ilé-iṣẹ́ Sosoliso gbéra láti Abuja lọ sí Port Harcourt. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo, Loyola Jesuit College ní Abuja, tí wọ́n ń lọ sí ilé fún ìsinmi Kérésìmesì. Àwọn òbí wọn ti dúró ní pápá ọkọ̀ láti pàdé wọn. Pásítọ̀ Bímbọ́ Odùkọ̀yà ti Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Ìjì àti òjò ń bọ̀ lórí pápá náà. Òfin iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú fi gíga kan lélẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ tí kò sì rí ojú ọ̀nà, dandan ni kí ó gòkè padà. Àjọ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà sọ pé, àwọn awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá gíga náà láìrí ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pinnu láti gòkè padà, ó ti pẹ́ jù, wọn kò sì ṣe é ní ọ̀nà tí ó yẹ. Iná ojú ọ̀nà kò tàn, èyí sì lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Ọkọ̀ náà já sí orí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, ó ń wọ́ lọ, ó sì kọlu gọ́tà kọ́ńkéré kan tí a kò bò. Ibẹ̀ ni ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí iná sì sọ. Nínú ènìyàn 110, àwọn 108 kú. Gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta náà, àyàfi ẹyọ kan, ni ó bá a lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ro èyí wò. A mọ bí ilé-ìwé ti máa ń rí ní ọjọ́ tí a bá pa á: àpótí lẹ́nu ọ̀nà, orin, ọmọ tí ń sáré padà wá mú ìwé tí ó gbàgbé. Ìbànújẹ́ yìí kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí ó kù fún àwa alààyè ni kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣègbé.

Bí a bá fi ìjàǹbá méjèèjì wé ara wọn, ohun méjì hàn gbangba. Èkíní ni pé, níbi méjèèjì, ìpinnu láti gòkè padà ni ó sọnù tàbí tí ó pẹ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó yí ojú ọ̀nà ká. Ní Toronto, àfonífojì ni ó dúró de ẹni tí ó bá ṣìnà. Ní Port Harcourt, gọ́tà kọ́ńkéré ni. Ènìyàn kò lè ṣe kí ó má ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣe é bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnìkan yóò yà kúrò lórí rẹ̀. Àjọ Kánádà dámọ̀ràn pé kí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó tó mítà 300 wà ní òpin gbogbo ojú ọ̀nà ńlá, tàbí kí a ní ohun mìíràn tí ó lè dá ọkọ̀ dúró bákan náà. Ní ọ̀pọ̀ pápá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti tẹ́ kọ́ńkéré fúlẹ́fúlẹ́ kan sí òpin ọ̀nà: bí táyà ọkọ̀ bá gùn ún, yóò wó lábẹ́ rẹ̀, yóò sì di ọkọ̀ mú bí iyanrìn ti ń di ẹsẹ̀ mú. Ẹni tí ó bo gọ́tà, ẹni tí ó tan iná, ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí ènìyàn wà.

Ẹ̀karùn-ún: Ohùn ẹni tí ó kéré

Ọ̀rọ̀ kan kù tí Toronto àti Port Harcourt kò kọ́ wa tó, ìyẹn ni pé ìgbà mìíràn wà tí ẹnìkan ti rí ewu tí ó sì ti kígbe, ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́ tirẹ̀. Fún èyí, a ó lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọjọ́ 22 oṣù May, ọdún 2010, ọkọ̀ Air India Express kan ń bọ̀ láti Dubai, ó sì fẹ́ balẹ̀ ní Mangalore, níbi tí ojú ọ̀nà wà ní orí òkè tí a gé téńté rẹ̀ tẹ́jú. Kò sí ìjì níbẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ti sùn fún ọ̀pọ̀ àkókò nínú ìrìn àjò náà. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ. Awakọ̀ kejì, tí ó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, sọ fún un nígbà mẹ́ta pé kí wọ́n gòkè padà. Ọ̀gá kò gbọ́. Ọkọ̀ náà ti fò kọjá apá tí ó pọ̀ jù nínú ojú ọ̀nà kí ó tó kan ilẹ̀. Ó ré òpin rẹ̀ kọjá, ó sì yí lulẹ̀ láti orí òkè náà. Nínú ènìyàn 166, àwọn 158 kú.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa Yorùbá mọ iyì àgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ó dí ọmọdé lẹ́nu nígbà tí iná ń jó kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́. Lónìí, a ń kọ́ àwọn awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé, bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ìbáà jẹ́ èyí tí ó kéré, bá ti sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a gòkè,” kí wọ́n gòkè ní kíá; bí àríyànjiyàn bá wà, kí ó di orí ilẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé bi ara rẹ̀ léèrè bóyá olùkọ́ kékeré inú ilé-ìwé rẹ̀ lè wí fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ògiri yìí ti là,” láìbẹ̀rù.

Ẹ̀kẹfà: Ọ̀rọ̀ ẹrù ọwọ́

Bí ọkọ̀ bá ti dúró tí iná sì ń jó, ìṣẹ́ awakọ̀ ti parí. Iṣẹ́ èrò ni ó kù. Ní Toronto, bí a ti ń kígbe sí àwọn èrò pé kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ṣì gbé àpò wọn dání. Gbogbo wọn yè, ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò náà ni ó gbà wọ́n là. Ó kàn jẹ́ pé iná fún wọn ní àyè díẹ̀ ni. Ẹni tí ó dúró láti fa àpò kúrò lókè orí rẹ̀ ti dí ọ̀nà fún gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ èyí tí ó dára. Ní ọjọ́ 2 oṣù January, ọdún 2024, ní pápá ọkọ̀ Haneda ní Tokyo, ọkọ̀ Japan Airlines kan balẹ̀, ó sì kọlu ọkọ̀ kékeré ti àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun tí ó wà lórí ojú ọ̀nà kan náà. Àwọn márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré náà kú; wọ́n ń gbé ohun ìrànlọ́wọ́ lọ fún àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ní jàǹbá. Nínú ọkọ̀ ńlá, ènìyàn 379 ni ó wà, iná sì ti sọ. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta péré nínú mẹ́jọ ni ó ṣe é lò. Ẹ̀rọ tí a fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ohùn ẹnu ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń darí wọn. Àwọn èrò gbọ́ràn, wọ́n fi ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n sì jáde lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo àwọn 379 ni ó yè. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ òfúrufú ti pinnu èyí láti ilé: bí wọ́n bá ní kí n jáde, ara mi nìkan ni n ó gbé jáde.

Èkeje: Kí ni ó kàn wá?

Kì í ṣe gbogbo wa ni awakọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni èrò tàbí ẹni tí ń dúró de èrò. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan ní gbangba. Ní àkókò ọyẹ́ tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, tàbí ní àkókò òjò, ọkọ̀ a máa dé òkè ìlú tí ó ń lọ, awakọ̀ a sì pinnu láti má ṣe balẹ̀. Yóò gbé èrò padà sí ibi tí wọ́n ti wá, tàbí sí ìlú mìíràn. Kí ni àwa èrò máa ń ṣe? A máa ń kígbe. A máa ń bú àwọn òṣìṣẹ́. A ó ní ìpàdé wa ti bàjẹ́, a ó ní ìsìnkú kò lè dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ariwo yìí a máa dé etí awakọ̀ mìíràn ní ọjọ́ mìíràn, a sì máa wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò tí ó yẹ kí ó gòkè padà. Ẹni tí ó fi èébú san oore fún ẹni tí ó yí padà ti ń kọ́ ẹlòmíràn pé kí ó má ṣe yí padà.

Ohun kan náà ni a gbọ́dọ̀ sọ nípa ọkọ̀ orí ilẹ̀, tí a fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ akọrin lọ sí òde. Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé, “Ẹ dúró, òjò yìí pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a sùn síhìn-ín”? Bí a kò bá ti yan ẹni náà kí a tó gbéra, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ nígbà tí ó bá yẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Iṣẹ́ fún ilé-ìwé àti ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

Kí olùkọ́ fa ìlà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 90 sí orí pápá ìṣeré. Ẹsẹ̀ bàtà kan dúró fún ọgọ́rùn-ún. Kí ọmọ kan dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 10, níbi tí ó yẹ kí ọkọ̀ ti kan ilẹ̀. Kí ọmọ kejì dúró ní 38, níbi tí ọkọ̀ Toronto ti kàn án. Kí gbogbo kíláàsì fi ojú ara wọn rí ohun tí ó ṣòfò láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí a dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Èéṣe tí awakọ̀ fi ń kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń balẹ̀?

2. Àwọn ohun kéékèèké wo ni ó so pọ̀ mọ́ ara wọn ní Toronto? Èwo nínú wọn ni ìbá ti já ẹ̀wọ̀n náà bí a bá ti mú un kúrò?

3. Ní Port Harcourt, kí ni iṣẹ́ àwọn tí wọn kò sí nínú ọkọ̀, tí ìbá ti dín ibi náà kù?

4. Nínú iṣẹ́ tìrẹ, níbo ni ó yẹ kí o ti yí padà bí nǹkan kò bá tọ́? Ǹjẹ́ o ti pinnu rẹ̀ ṣáájú, tàbí ìgbà tí o bá dé ibẹ̀ ni o fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó?

5. Nígbà tí ọmọ abẹ́ rẹ sọ fún ọ kẹ́yìn pé o ń ṣìnà, kí ni o ṣe?

Ìbéèrè kẹrin àti ìkarùn-ún kì í ṣe fún ìdáhùn ní ojú àwùjọ. Kí olúkúlùkù mú wọn lọ sí ilé. Bí ẹnìkan nínú wa bá sì wọ ọkọ̀ òfúrufú ní oṣù yìí, tí awakọ̀ rẹ̀ gbé e padà nítorí ìjì, kí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá ń jáde, kí ó sì wí fún awakọ̀ náà pé, “Ẹ ṣeun.”